Ta Ló Ni Àbọ̀ Ọjọ́ Tó Kù? Iṣẹ́ Àbọ̀ Ọjọ́ láti Ayé Ìwọ̀fà títí dé Ẹ̀sìtéètì Lákọ̀wé

Kí títì tó dé Lákọ̀wé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń fi ojúmọ́ kan ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ní gbogbo ẹkùn Ìbẹ̀jú. Ọ̀sà wà níhà àríwá, òkun wà níhà gúúsù. Ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín méjèèjì ni oko ẹ̀gẹ́ àti ọgbà àgbọn. Apẹja a ti ìdí àwọ̀n dé kí oòrùn tó mú, a fẹnu kan nǹkan, a sì gba oko lọ. Ìyàwó rẹ̀ a yan ẹja láàárọ̀, a yan gààrí lọ́sàn-án. Bó bá di ọjọ́ ọjà, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Èjìnrìn. Ẹni tó bá ráhùn nígbà náà pé òun kò rí iṣẹ́ odidi ọjọ́ ṣe, wọn ì bá bi í léèrè pé ta ló ń ṣe odidi ọjọ́.

Lákọ̀wé òde òní ti di ìlú ẹ̀sìtéètì. Lójú títì ńlá tó ti Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́, láti Ṣàngótẹ̀dó sí Abijo, sí Àwòyaayà, sí Lákọ̀wé títí dé ìkóríta Ẹlẹ́kọ, géètì ló tẹ̀ lé géètì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba géètì wọ̀nyí wọlé láràárọ̀ ni kò ní iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tíṣà lẹ́sìnnì wà níbẹ̀ tó ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Lébìrà wà níbẹ̀ tí fóòmáànì ń pè bí wọ́n bá fẹ́ da kọnkéré, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọbìnrin tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti Jímọ́ọ̀ sí Àìkú nìkan.

Bí a bá gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ irú iṣẹ́ yìí, a ó rò pé àná ló dáyé, pé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ló bí i. Ó ti wà tipẹ́. Ohun tó yí padà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ ni ẹni tó ni àbọ̀ ọjọ́ tó kù, àti ohun tó lè fi í ṣe.

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. N. A. Fadipe náà tún gbé e yẹ̀ wò nínú ìwádìí tó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ètò náà yé ẹnikẹ́ni tó ti jẹ gbèsè rí. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe ni èlé. Kọ́bọ̀ kan kì í tìtorí rẹ̀ kúrò nínú ojú owó. Síbẹ̀, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Àgbàlagbà ọkùnrin tó jẹ́ ìwọ̀fà lè máa gbé ilé ara rẹ̀. Á wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n jọ dá fún un, bó bá sì ti parí rẹ̀, á kọjá sí oko tirẹ̀. Àdéhùn ló ń sọ bí wọn yóò ṣe pín àkókò náà láàárín olówó àti ẹni tó jẹ gbèsè.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin ra ètò yìí. Ọmọdé tí wọ́n bá fi ṣe ìwọ̀fà ń gbé lọ́dọ̀ olówó tọ̀sán tòru, gbèsè sì lè wà nílẹ̀ títí ẹni tó jẹ ẹ́ yóò fi kú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwọ̀fà lọ́wọ́ kò láàárín 1920 sí 1940. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká mú dání: àgbàlagbà tó ta àárọ̀ rẹ̀ fún olówó ní ilẹ̀ tí yóò lo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lé lórí.

Àáró àti ọ̀wẹ̀ náà kò gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa yí oko ara wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó kì í sì wọ̀ ọ́. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ bá àna rẹ̀ ṣe oko. Oúnjẹ àti ẹmu ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó lẹ́yìn 1900, àgbàṣe olówó gbòde. Alágbàṣe a ti ọ̀nà jíjìn wá, a ṣe iṣẹ́ àsìkò, a gba owó rẹ̀, a sì padà sílé. Ilé tó ń padà sí yìí ló jẹ́ kó lè sọ fún olóko pé owó náà kéré.

Èkó ni agogo ti kọ́kọ́ dìídì bá òṣìṣẹ́ du ọjọ́. Ìjọba ń la ọ̀nà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè ní 1896, wọ́n sì ń wá ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́. Ní 1897, Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ padà, ó sì tún fẹ́ dín ohun tí ìjọba ń ná lórí òṣìṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 3,000 ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde pa iṣẹ́ tì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba rọ ohùn. Òṣìṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní Èkó nígbà náà; ẹni tó bá bínú sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀ lè padà sí oko tàbí kó jókòó ti òwò. Agbára tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fi bá gómìnà ná an ti ẹ̀yìn odi ibi iṣẹ́ wá.

Ọdún 1931 ni ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn ọ̀gá rélùwéè sì gbé ètò tuntun kalẹ̀: dípò owó ojúmọ́, wákàtí ni wọn yóò máa fi ṣírò owó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Létí ẹni tó ń gba owó oṣù, ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó ojúmọ́, bó bá ti dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ọjọ́ rẹ̀ ti wọlé. Ẹni tó ń gba owó wákàtí, bí ọ̀gá bá ní kó máa lọ sílé lágogo méjìlá nítorí pé iṣẹ́ ò sí, owó agogo méjìlá ló gbà. Òfò tí ilé iṣẹ́ ì bá jẹ́ ti di òfò òṣìṣẹ́. Ìbínú yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹgbẹ́ tí Michael Imoudu sọ di olókìkí. Ní 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta, wọ́n gba orí Afárá Carter kọjá, ó di ilé Gómìnà Bernard Bourdillon. Ní 1943, ìjọba fi òfin ìgbà ogun mú Imoudu, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ tí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti oṣù Kẹfà 1945 fi bẹ́. Owó oúnjẹ ti fò sókè látìgbà ogun, owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè ni pé kí owó ojúmọ́ lébìrà má ṣe dín sí ṣílè méjì àti sísì. Ní Èkó, iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ 37. Níbòmíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré orí ìtàgé lọ́dún náà gan-an, ó pè é ní Strike and Hunger. Òótọ́ ni ebi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà tún wà: nínú ilé tí bàbá kò ti rí owó ojúmọ́ gbà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, igbá ìyá ni gbogbo wọn ń jẹ. Èkó kò tíì di ìlú tí owó iṣẹ́ kan ṣoṣo ń bọ́ ilé.

Lẹ́yìn òmìnira, ìgbàgbọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ti ìjọba ni pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ olówó oṣù: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìsinmi ọdọọdún, owó ìfẹ̀yìntì. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 pàṣẹ pé, ó pẹ́ jù, kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun rere ni, àmọ́ ó fi ihò kan sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ìwé yóò lé òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, yóò sì gbà á padà ní ọjọ́ kejì bí ẹni tuntun.

Ihò kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1981, lábẹ́ ìjọba Shehu Shagari, òfin gbé owó oṣù tó kéré jù kalẹ̀ ní ₦125. Òfin kan náà ló ka àwọn tí kò kàn: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50, àwọn tó ń gba owó gẹ́gẹ́ bí iye ohun tí wọ́n ṣe, àwọn oníṣẹ́ àsìkò bíi ti oko, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ àkókò.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP. Náírà wó lulẹ̀. Owó oṣù tó ń gbé akọ̀wé ìjọba àti ìdílé rẹ̀ ró tẹ́lẹ̀ kò tún ra àpò ìrẹsì àti bàtà ọmọ mọ́. Ìgbà yìí ni P.P., iṣẹ́ àdáni tí òṣìṣẹ́ ń ṣe kún ti ọ́fíìsì, di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe kabúkabú bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù aládàáni. Tíṣà ń ta góólù àti léèsì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbèsè. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ ṣì wà ní orúkọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ ló ń se ọbẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà rí ọ̀nà tiwọn. Nígbà tó fi di 1990 sí 2000, orúkọ tó gbajúmọ̀ ní Ìkẹjà, Ìsọlọ̀ àti Ìkòròdú ni kásúà. Kásúà lè ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́, ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ nínú ìwé, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC lábẹ́ Adams Oshiomhole dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń lọ dí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ọ̀dọ́gùnyàn, Ìkòròdú, lóru, nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ. Iye àwọn tó kú di àríyànjiyàn láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ìbẹ̀jú kò tíì sí nínú gbogbo ìròyìn yìí. Títì ló gbé e wọ̀ ọ́.

Ìgbà ìjọba Lateef Jakande, láàárín 1979 sí 1983, ni wọ́n la ọ̀nà ńlá láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ gba inú ilẹ̀ àárín omi méjèèjì. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò, ibi tí iye àwọn olùgbé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀, tó 300,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà náà lọ síhà Ìlàsàn àti Ajah, wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání: bírìkìlà, kafíńtà, alágbàfọ̀, ìyá olóúnjẹ. Olówó tó ń kọ́lé sí Lẹ́kí àti àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Màrókò tún wá pàdé ara wọn lójú ọ̀nà kan náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń yí géètì ká ti ń sún síhà ìlà-oòrùn, bí ilé ṣe ń sún.

Ní 2006, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà dá agbègbè òwò òmìnira sílẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 16,500. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote wá sí ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2023, tó lè fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún náà ni wọ́n ti ṣí èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí. Kí ìwọ̀nyí tó dìde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lébìrà, alurínmọ́rin àti awakọ̀ ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ìkọ́lé ní àrùn kan tí kò ní oògùn: bí òṣìṣẹ́ bá ti ń yára sí i ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yára tán. Àwọn tó bá iṣẹ́ náà wá kò ní oko ní Ìbẹ̀jú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbẹ̀jú náà kò sì ní in mọ́: ìjọba gba òmíràn, ẹbí ta òmíràn, ọmọ onílẹ̀ ta èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì.

Ibí yìí ni ìtàn Lákọ̀wé ti yà sọ́tọ̀ sí ti alágbàṣe kòkó. Ẹni tó ń fọ aṣọ ní ilé mẹ́ta lónìí lè jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Àárọ̀ nìkan ló tà, ṣùgbọ́n kò sí oko tí yóò kọjá sí bí oòrùn bá kan àtàrí. Á tún máa wá ẹni tí yóò ra ọ̀sán.

Pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 tó wà ní Lákọ̀wé fi ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí hàn kedere, èyí tí ó ti wà ní Nàìjíríà látìgbà àwọn òyìnbó: iṣẹ́ kádì, ẹni tó ń ru àpò igi fún agbágọ́ọ̀fù. Káàkiri àwọn pápá orílẹ̀-èdè yìí, ìyípo kọ̀ọ̀kan ni kádì sábà máa ń fi gba owó, pẹ̀lú ohun tí agbágọ́ọ̀fù bá fi ta á lọ́rẹ. Bí òjò bá rọ̀ ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Kádì tó mọ pápá dáadáa lè kọ́ eré náà débi pé yóò máa bá àwọn ògbógi díje. Àwọn kan nínú àwọn agbágọ́ọ̀fù tó ń fi eré náà jẹun ní Nàìjíríà lónìí, ìdí àpò igi àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ lẹ́sìnnì tún ní ìwà tirẹ̀. Tíṣà tó ń gba owó oṣù ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Abijo tàbí Bogije á parí ti ilé ìwé ní agogo mẹ́ta, á sì wọ ẹ̀sìtéètì ní agogo mẹ́rin láti kọ́ ọmọ méjì ní ìṣirò. Bó bá ní ilé mẹ́ta, owó lẹ́sìnnì lè ju owó ilé ìwé lọ. Kò sí ẹ̀kọ́ ní ọlidé, kò sì sí owó. Bí òbí bá kó lọ sí ìlú òyìnbó, ìlẹ̀kùn kan ti tì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà kò ní fi lẹ́sìnnì sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń dá owó àti wákàtí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira nínú iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ kì í ṣe irọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ṣọ̀wọ́n ni kì í rí i.

Ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ odidi ọjọ́ àti ti àbọ̀ ọjọ́ hàn jù lórí ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tó ń pinnu iṣẹ́ tí èèyàn lè gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ odidi ọjọ́ ń san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, lẹ́ẹ̀kan bọ̀. Ẹni tó pín ọjọ́ rẹ̀ sí ilé méjì, ọ̀kan ní Àwòyaayà, ọ̀kan ní Ṣàngótẹ̀dó, ń san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń jẹ wákàtí tí kò sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ọ̀kadà ṣì ń ná àwọn òpópónà ìhà Ìbẹ̀jú, torí pé òfin tó lé wọn ní oṣù Kẹfà 2022 kan Etí-Ọ̀sà, kò kan Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Àmọ́ ọ̀kadà ti wọ́n ju dánfó lọ.

Àǹfààní tí agbanisíṣẹ́ ń rí kò fara sin. Olóúnjẹ tí èrò rẹ̀ pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan kò ní san owó ọjọ́ Mọ́ńdè fún ọwọ́ tó ń sinmi. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kan àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, ó sì ní kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ dá mẹ́jọ. Ẹni tó bá fi àwọn oníṣẹ́ ìgbà díẹ̀ kún ilé tí kò sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Agbanisíṣẹ́ ní ohun tí òun náà ń san, ṣùgbọ́n kì í sí nínú ìwé ìṣirò. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ ní oṣù tó kọjá ti lọ síbi tí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún náírà lé owó rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọn yóò tún kọ́. Ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù, òṣìṣẹ́ ti fún ọ̀gá méjì ní wákàtí kan náà, ẹni tó sanwó kíá ni yóò rí i. Bí nǹkan bá sọnù, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó wọlé ní ọjọ́ wo. Nítorí èyí ni àwọn ilé ìtura kan àti ilé ìtajà ńlá ṣe ń fi àwọn òṣìṣẹ́ gidi díẹ̀ sí àárín, tí wọ́n ń fi àwọn oníṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ yí wọn ká.

Àwọn tó ń ka òṣìṣẹ́ fún ìjọba náà kò mọ ibi tí wọn yóò fi wọ́n sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ NBS ka ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sí aláìníṣẹ́. Ẹni tó ṣe wákàtí 20 sí 39 sì jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó. Ní ìparí 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún kò níṣẹ́, ìdá 22.8 sì ní iṣẹ́ tí kò tó. Ní 2023, àjọ náà yí ìwọ̀n padà láti bá ti àgbáyé mu: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan ṣoṣo gba owó láàárín ọ̀sẹ̀ ti ní iṣẹ́. Iye àwọn aláìníṣẹ́ já wálẹ̀ sí ìdá 4.1. Kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ tuntun nítorí èyí. Alágbàfọ̀ ilé méjì kàn ti inú ìwé àwọn aláìníṣẹ́ bọ́ sínú ìwé àwọn oníṣẹ́ ni.

Ìgbà kòrónà ti fi hàn tẹ́lẹ̀ bí okùn náà ṣe tín-ín-rín tó. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́. Olówó oṣù jókòó sílé, agogo owó oṣù rẹ̀ sì dún ní fóònù. Ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kò ní ojúmọ́ tí yóò tà títí ó fi di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún.

Láàárín ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba fi hàn pé iṣẹ́ àbọ̀ lè ní ojú mìíràn. Nígbà tí owó ọkọ̀ wọ́n jù, Ìpínlẹ̀ Kwara àti Edo ti dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù láti márùn-ún sí mẹ́ta ní oṣù Kẹfà 2023. Ní oṣù Kejì 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó láti ipele kìíní dé ìkẹrìnlá máa wá sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí àwọn ọ̀gá wọn máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin. Kò sí ẹni tó gé owó oṣù wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá jẹ́ ìtura. Ọjọ́ mẹ́ta ní Lákọ̀wé jẹ́ owó ọjọ́ mẹ́ta.

Níbòmíràn, òfin ló dí àlàfo bẹ́ẹ̀. Ní Holland, àdéhùn tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe ní 1982 ṣí ọ̀nà fún iṣẹ́ àbọ̀, òfin 1996 sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ yan òṣìṣẹ́ jẹ nítorí iye wákàtí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Britain ṣe irú òfin yẹn ní 2000. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé lọ́hùn-ún, tí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ọ̀pọ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́, mọ bó ṣe rí: owó wákàtí tó kéré jù níbẹ̀ kò bi wọ́n bóyá ọjọ́ méjì ni wọ́n wá tàbí márùn-ún.

Òfin Nàìjíríà ti ṣe ìdajì irú rẹ̀. Òfin gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti 2010, sọ ní kedere pé oníṣẹ́ àbọ̀ àkókò, kásúà àti ọmọ iṣẹ́ wà lára òṣìṣẹ́, pé ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí náà wà níbẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa dá owó sí àpò NSITF fún wọn. Lébìrà tó já láti orí àkàbà ní Lákọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin yìí, ìwé àdéhùn ìbáà máà sí. Ní ti owó iṣẹ́, ìlẹ̀kùn ṣì tì. Òfin 2019 gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦30,000, ó sì fa ìlà sísàlẹ̀ láti òṣìṣẹ́ 50 sí 25, ṣùgbọ́n ó tún fi oníṣẹ́ àbọ̀ àkókò sílẹ̀ lóde. Àtúnṣe oṣù Keje 2024 sọ owó náà di ₦70,000, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí túmọ̀ sí pé ìjókòó tó kàn yóò wáyé ní 2027. Owó wákàtí, tí yóò jẹ́ kí ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ gba ìpín tirẹ̀ nínú ₦70,000, kò tíì sí nínú òfin náà. Àwọn ẹgbẹ́ tí yóò jókòó síbi ìpàdé náà, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lórí owó oṣù ló gbé wọn ró, alágbàfọ̀ tó ń wọ géètì mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan kò sì ní owó oṣù tí ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́ lórí rẹ̀.